Ọkọ̀ Adití Alàgbà Ṣówándé

Ọkọ̀ náà tún bi Ìbídùn léèrè ohun tó fẹ́ lọ ṣe ní Ìdí-Aba.

"Òwú ni mo fẹ́ lọ rà," ni ó fèsì. Ó ti sọ ohun kan náà nígbà tó wọ ọkọ̀ ní Kútọ̀, ṣùgbọ́n kò jọ pé èsì náà tẹ́ ọkọ̀ lọ́rùn.

"Ṣọ́ọ̀bù olówùú kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ní Ìdí-Aba ti wà ní títì láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn," ni ohùn pẹ̀lẹ́ náà sọ láti inú òrùlé. "Ṣé kí n gbé yín padà sí Kútọ̀? Òwú pọ̀ níbẹ̀."

"Ẹnì kan ló ní òwú nílé tí kò lò mọ́. Sọ̀ mí kalẹ̀ síbí."

"Ẹ ò tíì dé ibi tí ẹ dárúkọ."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀."

Ọkọ̀ dákẹ́. Ìbídùn mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Ọkọ̀ ń kọ nǹkan sílẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀kùn pa dé, ọkọ̀ òfìfo náà sì bá tirẹ̀ lọ. Ìbídùn dúró lábẹ́ igi fúrúùtù kan títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀, kó tó wá yí padà, tó sì gba ọ̀nà kejì.

Ó ti pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta, kò sì tíì ra ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ kankan tó rà á rí. Ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà. Wọ́n á pè é, á dé, á béèrè ibi tí wọ́n ń lọ, á béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, á sì gbé wọn. Tìmùtìmù àti aṣọ àga ni Ìbídùn ń rán jẹun, ibi tó sì ń lọ kò ju ọjà àti ilé àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ. Kò sí ohun tó dà á pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àfìgbà tí bàbá rẹ̀ ní òun fẹ́ lọ sùn ní Òkè-Ìrókò lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó kú.

Wọ́n ti gbìyànjú. Oṣù méjì sẹ́yìn, òun àti bàbá náà wọ ọkọ̀ láàárọ̀, ó gbé wọn kọjá Ayétòrò, ó gbé wọn kọjá afárá tó gbẹ̀yìn, ó wá dúró níwájú géètì irin kan.

"Ọ̀nà parí síbí," ni ọkọ̀ wí.

Bàbá nàka síwájú. Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà náà, koríko ti gùn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì lọ tààrà títí dé ìdí òkè. "Ọ̀nà nìyẹn," ni bàbá wí.

"Kò sí ọ̀nà níbẹ̀, bàbá. Ilẹ̀ ìsinmi ni."

Ìparí ọ̀nà yẹn ni wọ́n ti bí bàbá náà. Ibẹ̀ ló sin ìyàwó rẹ̀ sí, ọdún méjì péré kí Ilé-iṣẹ́ Atọ́nà, àwọn tó ń darí gbogbo ọkọ̀ àti ọ̀nà, tó kó gbogbo ará abúlé kúrò pé kí igbó lè hù padà. Ó gbójú sókè wo òrùlé ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Láti ọjọ́ náà ni kì í ti í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Dókítà sì ti pe Ìbídùn sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní ọyẹ́ tó ń bọ̀ lè má bá bàbá láyé.

Ìdí nìyí tó fi ń wá ọkọ̀ adití. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ń pe ọkọ̀ ayé àtijọ́, èyí tí kì í gbọ́, tí kì í sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fi ń tù ú. Tirẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ibùsùn nínú, nítorí kò sí ilé kankan tó dúró mọ́ ní Òkè-Ìrókò.

Kó tó kan géètì Alàgbà Ṣówándé, ẹni tí wọ́n ní ó ní irú rẹ̀ nílé, ni géètì ti ṣí.

"Ẹ káàbọ̀, màdáámù," ni arúgbó gíga kan wí. "Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín."

Ìbídùn kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n ara ti fu ú. Ìyá oníbọ́tìnnì tó júwe ilé náà fún un ti sọ pé etí bàbá yìí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Báwo ló ṣe wá gbọ́ ìró bàtà onírọ́bà láti ẹ̀yìn ògiri? Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní ó fi ogójì ọdún ṣe mẹkáníìkì, èékánná rẹ̀ mọ́ bíi ti akọ̀wé ilé-ẹjọ́.

Bọ́ọ̀sì adití tó wá wò wà lábẹ́ tapólì ní igun ọgbà. Nígbà tí bàbá náà ká tapólì kúrò, Ìbídùn gbàgbé ìbẹ̀rù rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọ̀ ẹ̀kọ ọ̀gì ni òkè rẹ̀, ìsàlẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, imú rẹ̀ rí roboto, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì sì là bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Nínú rẹ̀ sítóòfù kékeré kan wà, àti kọ́bọ́ọ̀dù onípákó, kọ́tìnnì olódòdó, àti ibùsùn tí wọ́n lè ká kó di àga. Ó ń rùn bí epo àti fóòmù àtijọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àpá táyà mẹ́rin ti tẹ̀ sínú sìmẹ́ńtì, bí ẹni pé ọkọ̀ mìíràn ti dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" ni Ṣówándé béèrè.

"Àfihàn ni. N ó gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù mi kí àwọn oníbàárà lè máa wò ó."

"Ó dáa." Ó fi ìka nu eruku lára ilẹ̀kùn. "Ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn àfihàn."

Ìbídùn wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tì í. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló tì í kó tó dé, nítorí kò mọ̀ pé èèyàn ní láti gbá a. Ó béèrè bóyá ẹ́ńjìn ń ṣiṣẹ́. Ó béèrè bóyá bíréèkì ń mú.

"Ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe àfihàn," ni bàbá náà wí jẹ́jẹ́, "kí ló kàn án kan bíréèkì?"

"Ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀," ni Ìbídùn náà wí, "kí ló kàn án kan ohun tí mo fẹ́ fi ṣe?"

Bàbá náà kò bínú. Ó kàn mú ìwé àṣẹ kan jáde láti inú àpò, èyí tó fi hàn pé wọ́n lè gbé bọ́ọ̀sì náà káàkiri ìgboro fún àfihàn láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Òǹtẹ̀ Ilé-iṣẹ́ Atọ́nà wà lórí rẹ̀, ó sì ń dán. Oṣù tó kọjá ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ìyẹn gan-an ló tún kọ Ìbídùn lóminú. Ó ti gbọ́ ìtàn àwọn ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé kalẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ sá lọ síbi tí kò sí nínú àwòrán ọ̀nà wọn lè wá rà á. Ọkùnrin kan ládùúgbò wọn ra irú rẹ̀, kò dé ìlú kejì tí wọ́n fi mú un. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi dá a dúró sí ilé àtúnṣe. Nígbà tó sì jáde, kì í lè sọ gbólóhùn kan láì wo òrùlé.

Ó fẹ́ máa lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ibùsùn, ọwọ́ aránṣọ kì í sì í lè wà lórí aṣọ láì wá ojú rírán rẹ̀.

"Ta ló rán aṣọ fóòmù yìí?" ló béèrè.

"Ìyàwó mi."

"Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n."

Bàbá náà yíjú sí i kíákíá. "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ibi tí abẹ́rẹ́ dorí kọ ni." Ó ń fi àtàńpàkò tọ ojú rírán náà lọ. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó kéré, ó sì ní sùúrù. Àfi ní ẹ̀yìn, níhà ògiri ọkọ̀, níbi tí kò gùn ju ìka méjì lọ. Ẹ̀rọ ló rán ibẹ̀. Òwú rẹ̀ sì jẹ́ tuntun.

Ìbídùn mú àlùmọ́gàjí kékeré jáde nínú báàgì rẹ̀, ó tú ibẹ̀. Ohun kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, dúdú, kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ohun tó ní ẹ̀mí.

Kò sí ọmọdé kan tí kò mọ̀ ọ́n. Etí ni, èyí tí Ilé-iṣẹ́ Atọ́nà fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn.

Ó gbójú sókè. Ṣówándé ń wo etí náà, lẹ́yìn náà ó wo báàgì Ìbídùn, lẹ́yìn náà ó wo ojú rẹ̀. Ìbídùn wá mọ ohun tó wà lójú bàbá náà. Bàbá náà rò pé Ìbídùn ló gbé e wá. Ó rò pé olùyẹ̀wò Ilé-iṣẹ́ Atọ́nà ni.

Tàbí ó ń ṣe bí ẹni tó rò bẹ́ẹ̀.

"Fóòmù yìí ti gbó," ni Ìbídùn sọ sókè.

"A lè pa á dà," ni bàbá náà dáhùn, ohùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ rárá. "Fóòmù kò wọ́n."

Ó rìn yí bọ́ọ̀sì náà ká lọ sẹ́yìn, níbi tí eruku ti bo gíláàsì, ó fi ìka kọ ọ́ síbẹ̀: *Kì í ṣe èmi.*

Ìbídùn sún mọ́ ọn, ó di etí náà mú sí ọwọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì kọ ọ́: *Ta ni?*

"Táyà rẹ̀ ńkọ́?" ni ó béèrè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Táyà dára. Mo máa ń fún un ní afẹ́fẹ́ lóṣooṣù." Ó ń kọ̀wé bó ṣe ń sọ̀rọ̀: *Olùyẹ̀wò tó tẹ òǹtẹ̀. Ó jókòó nínú rẹ̀ pẹ́.*

Ìbídùn ro gbogbo ohun tí òun ti sọ látìgbà tí òun ti wọlé. Àfihàn. Ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀, irọ́ náà ló sì gba òun là. Ká ní ó ti gbà pé bàbá yìí jẹ́ ẹni rere ní ẹnu géètì, ì bá ti sọ òtítọ́ fún un, etí ì bá sì ti gbọ́.

Bàbá náà tún kọ̀wé. *Níbo lẹ ń lọ gan-an?*

Èyí ni ẹ̀ẹ̀kejì tó máa béèrè ohun tí òun fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe. Ìbídùn wo ìbéèrè náà lórí gíláàsì. Bó bá kọ èsì rẹ̀ síbẹ̀, ó ti fi orí ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́ nìyẹn. Ó gbé ìka rẹ̀ sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́: *Òkè-Ìrókò.*

Ṣówándé fi apá aṣọ rẹ̀ nù ún kúrò kíákíá tó fi dà bí ẹni pé gíláàsì náà gbóná. Ó na ọwọ́, ó gba etí náà pẹ̀lú ègé fóòmù, ó rọra gbé e lọ sínú àtíbàbà tó wà lẹ́nu géètì, ó sì gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò tó ń ka ìròyìn ojú ọjọ́. Ó padà wá, ó fa Ìbídùn dé ìdí ògiri ẹ̀yìn.

"Rédíò á bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. Kò pè é ní màdáámù mọ́. "Gbọ́ mi dáadáa. Ohùn nìkan ni irú èyí ń fi ránṣẹ́. Kò mọ ibi tó wà. Bó bá dákẹ́ odindi ọjọ́ kan, wọ́n á wá wo ohun tó ṣe é. Bó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́jà àti oníbàárà, wọn ò ní dá sí i."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kò mọ ibi tó wà?"

"Mo ti tú mẹ́ta wò."

"Níbo lẹ ti rí mẹ́ta?"

Bàbá náà yíjú sí géètì. Ìbídùn fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

"Wọ́n ní ẹ kì í gbọ́ràn dáadáa," ló wí. "Báwo lẹ ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ mi?"

"Mi ò gbọ́ ọ. Ihò ara géètì ni mo ti rí ọ. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń dúró síbẹ̀, látìgbà tí Ìyá oníbọ́tìnnì ti ní ẹnì kan ń bọ̀." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, bí ẹni pé ó mọ̀ pé Ìbídùn ti wò ó. "Kò sẹ́ni tó gbé nǹkan wá fún mi tún ṣe mọ́ láti ọdún mẹ́rin. Bọ́ọ̀sì méjì ni mo ní nígbà yẹn. Ìyàwó mi wa èkejì jáde ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ó ní òun fẹ́ lọ wo bóyá odò ìlú wọn ṣì ń ṣàn. Ó ní kí n máa bọ̀ lẹ́yìn òun lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo sọ fún àwọn aládùúgbò pé ó kú."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi tẹ̀ lé wọn?"

"Mò ń dúró kó kọ́kọ́ ránṣẹ́." Ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ wú bí àgbọn. "Nígbà tí mo wá fẹ́ lọ, ẹsẹ̀ yìí kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́."

Ìbídùn kò mọ bóyá òtítọ́ ni. Ojú rírán ọlọ́wọ́ òsì yẹn jẹ́ òtítọ́. Àpá táyà mẹ́rin tó wà nínú sìmẹ́ńtì jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mú èèyàn lè rí fóòmù àti sìmẹ́ńtì kó jọ. Ó rò ó pé kí òun jáde, kí òun pe ọkọ̀, kí ọkọ̀ bi òun bóyá òun rí òwú náà rà. Lẹ́yìn náà ló rò ó dé òpin rẹ̀. Bí bàbá yìí bá jẹ́ ẹni wọn, orúkọ Òkè-Ìrókò ti dé etí wọn náà nìyẹn, ì báà rà á, ì báà má rà á. Bí kò bá sì jẹ́ ẹni wọn, gbogbo ìṣẹ́jú tí òun ń lò níbí ń kó àwọn méjèèjì sí wàhálà.

Ó tú aṣọ ìnujú tó wà nínú báàgì rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọrùn wúrà ìyá rẹ̀ ló dì síbẹ̀, nítorí owó ilé-ìfowópamọ́ náà máa ń béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi òun rà. Ṣówándé gbà á, ó wò ó, ó sì kì í bọ àpò. Ìyẹn fọkàn Ìbídùn balẹ̀ díẹ̀. Ká ní ó kọ̀ ọ́ ni, ẹ̀rù ì bá ba òun.

"Ó yá, wá jókòó," ni bàbá náà wí.

Ìbídùn jókòó sí ìdí sítíárìn. Ó tóbi ju bó ṣe rò lọ, ó sì tutù. Kò sí ìgbà kan tí ohun kan tó tóbi tó báyìí ti dúró de àṣẹ rẹ̀ rí. Bàbá náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi kílọ́ọ̀ṣì hàn án, ó fi bíréèkì hàn án, ó mú ọwọ́ rẹ̀ lé jíà. Nígbà tí Ìbídùn yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìn wúkọ́ lẹ́yìn, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dìde. Gbogbo ara bọ́ọ̀sì náà ń gbọ̀n. Ó sáré gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, bọ́ọ̀sì fò síwájú bí ewúrẹ́ tí wọ́n là lẹ́gba, ó kú.

"Rọra. Jẹ́ kó mọ̀ pé o ń bọ̀ kó o tó dé."

Ó kú lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó yípo ọgbà láìkú. Òógùn ti rin aṣọ Ìbídùn. Ó rí i pé òun ti ń rẹ́rìn-ín, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ṣówándé lẹ ìwé àṣẹ náà mọ́ gíláàsì iwájú. "Ojú ọ̀nà ìgboro ni kó o gbà. Ẹni tó bá gba kọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń dá dúró. Oòrùn ò tíì sún rárá. O lè dé géètì irin ọ̀nà Òkè-Ìrókò kó tó wọ̀. Gbogbo ìgbà ni géètì yẹn ṣí. Kò sí ọkọ̀ tó lè gbà á kọjá, kí ni wọ́n fẹ́ tì í fún?"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Bí wọ́n bá wá?"

"Wọ́n á wá. Ṣùgbọ́n n ó jẹ́ kó pẹ́."

Ó ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu, ó wá wọ inú àtíbàbà lọ, ó jókòó sídìí tábìlì, ó sì pa rédíò. Bí Ìbídùn ṣe ń rọra wa bọ́ọ̀sì náà kọjá ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete.

"Màdáámù, ẹ má bínú," ni arúgbó náà ń sọ fún àga òfìfo tó wà níwájú rẹ̀. "Mi ò lè tà á báyẹn. Ẹ tún kọ́tìnnì yẹn wò ná. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jókòó, ẹ má kánjú. Ìyàwó mi ló fọwọ́ rán an. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí òdòdó yẹn rà fún yín."

Ìbídùn jáde sí ojú pópó. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó pàdé rẹ̀ dúró lójijì. Èyí tó tẹ̀ lé e náà dúró, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó wà lápá kejì, gbogbo wọn ń tan iná sí i, nítorí kò sí èyí tó mọ ohun tí ohun tí kò lè bá wọn sọ̀rọ̀ yìí fẹ́ ṣe. Àwọn èèyàn inú wọn gbójú sókè. Obìnrin kan yọ orí. Ìbídùn di sítíárìn mú títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń ro ó. Ó ń retí ohùn kan tí yóò dárúkọ òun. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó tẹ ohun tó ń fún ẹ́ńjìn ní epo, ó sì kọjá láàárín wọn.

Iwájú ilé ló ti rí bàbá rẹ̀. Ó ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, aṣọ òfì tó fi gbéyàwó wà lọ́rùn rẹ̀, àpò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìbídùn kò sọ ọjọ́ fún un. Ó dà bí ẹni pé ojoojúmọ́ ló ti ń jókòó síbẹ̀ báyẹn, nígbà tí òun bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́.

Bàbá wo bọ́ọ̀sì náà láti imú dé ẹ̀yìn. "Ṣé kò ní bi wá léèrè nǹkan kan?"

"Kò lẹ́nu, Bàbá."

Ó ràn án lọ́wọ́ gòkè, ó wé aṣọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bàbá fọwọ́ pa ibùsùn tó wà lẹ́yìn wò, ó wo sítóòfù, ó wo gbogbo òrùlé inú rẹ̀ fínnífínní. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ta ló mọ̀ pé à ń lọ?"

"Ẹnì kan."

"Ṣé ẹni tó ṣeé fọkàn tán ni?"

Ìbídùn ronú kan arúgbó tó ń bá àga òfìfo dúnàádúrà ní Ìdí-Aba. Ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

Bàbá mi orí. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó sì gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbàgà, bí ẹni tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà èwe rẹ̀.

"Ó dáa náà," ló wí. "Jẹ́ ká lọ kí a tó mọ̀."